Elégédé Inú Àgò Gáàsì

N kò lè búra pé mo rántí ibi tí elégédé náà wà ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Nínú ìrántí mi kan, ilẹ̀ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà, kò tóbi ju ọsàn lọ, ewé sì bò ó lórí bí ìborùn. Nínú ìrántí mi kejì, ó ti wà nínú àgò onírin tí a ń gbé sílíńdà gáàsì sí, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ayálégbé tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ìrántí méjèèjì mọ́lẹ̀ kedere. Oòrùn òwúrọ̀ wà nínú méjèèjì, ohùn màmá mi láti ojú fèrèsé wà nínú méjèèjì, síbẹ̀ lójú tèmi wọn kò lè jọ jẹ́ òótọ́. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, mo sì ti yẹ ti àsìkò náà wò: ẹ̀sùn lórí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló kún inú rẹ̀. Ohun tó bá ń bí mi nínú ni mo máa ń kọ, elégédé náà kò sì tíì bí mi nínú nígbà yẹn.

Ohun tó dá mi lójú nìyí. Ní Baruwa ni mo háyà ilé, ní ìsàlẹ̀ ilé alájà kan, láti ibẹ̀ ni mo sì ti ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní físíìsì nítòsí Gowon Estate. Láńlọ́ọ̀dù wa, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé lókè. Ewúrẹ́ rẹ̀ ń gbé ibikíbi tó bá wù ú. Ọkùnrin náà bẹ̀rù olè gidigidi, ó sì bẹ̀rù iná ju olè lọ. Nítorí iná, kò gbà kí sílíńdà gáàsì wọ ilé ìdáná ẹnikẹ́ni. Nítorí olè, ó ní kí wọ́n jó irin pọ̀ di àgò sí ẹ̀yìn fèrèsé ilé ìdáná kọ̀ọ̀kan, ó fi ilẹ̀kùn tóóró sí i, ó fi àgádágodo tì í, ó sì tún fi ẹ̀wọ̀n so àgò náà mọ́ òpó. Ó fẹ́ràn àwọn àgò wọ̀nyí. Ọdọọdún ló ń fúnra rẹ̀ kùn wọ́n ní ọ̀dà, bí ẹni tó ń fi ìpara pa ọmọ lára.

Màmá mi wá bá mi gbé lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ní orúnkún. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n màmá mi kò fọkàn tán orúnkún tí ẹlòmíràn ti ṣí wò. Wọ́n ní kí n gbé àga ti fèrèsé ilé ìdáná, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí tí ìtàkùn kan fi hù lábẹ́ fèrèsé, tó gun ògiri, tó sì yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè. Ní òwúrọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn òdòdó náà di ọmọ, wọ́n pe orúkọ Ọlọ́run sókè, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ lójú mi.

"Bí Olúwa bá jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn kí eléyìí tó gbó, èmi fúnra mi ni n ó gbé e lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè. Odindi ni o. Tòun ti ọrùn lórí."

Ọ̀rọ̀ ọrùn yẹn ṣe pàtàkì. Ọrùn ni elégédé fi so mọ́ ìtàkùn. Èyí tí ọrùn rẹ̀ bá ṣẹ́ kì í pẹ́ rà, màmá mi sì gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ́ rí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti so orúnkún wọn pọ̀ mọ́ èso yẹn. Bí elégédé bá sanra, wọn yóò na ẹsẹ̀. Bí òjò kò bá rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, orúnkún yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n.

Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà láàrin wa mọ̀ pé èèwọ̀ ni kí ènìyàn nàka sí ọmọ elégédé. Wọ́n ní yóò rọ, yóò sì já bọ́. Bó bá di dandan kí a fi í han ẹlòmíràn, ìkúùkù ni à ń dì nà sí i. Nínú kíláàsì, mo ti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kò sí agbára kankan tó ń ti orí ìka ènìyàn jáde. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé ẹ̀yìn ilé, ọwọ́ mi méjèèjì á gba ẹ̀yìn lọ fúnra wọn. N kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. N kò kàn fẹ́ kó jẹ́ pé ìka tèmi ni a ó fi dán an wò.

Nítorí náà, gbogbo ilé ló rí elégédé yìí, kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Àlàájà tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ oníke ní Ìkòtún, máa ń gba ẹ̀yìn kọjá ní òwúrọ̀. Yóò kọjú sí ojú ọ̀run, yóò ní:

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Àlejò yín ńkọ́?"

"Ó wà o, Àlàájà. Ó sùn dáadáa."

"Kó máa sùn lọ jàre. Ẹ ṣá má jẹ̀ẹ́ kí Àǹtí Tíṣà nàka sí i."

"Eléyìí? Ó ń káwọ́ sẹ́yìn kiri bí ọlọ́pàá."

Báyìí ni gbólóhùn kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹnìkan sọ kò ṣe jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn náà ni pé inú àgò gáàsì ni èso yìí ti ń tóbi.

Àmọ́ ohun tí a kò lè nàka sí, a lè jiyàn lé e lórí. Àlàájà ní irú ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, èyí tó tẹ́ bí tìmùtìmù, tí ìlà jínjìn máa ń wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dá a lójú pé inú pàǹtí tí òun gbá dànù ni hóró rẹ̀ ti bọ́ síbẹ̀. Màmá mi ní rárá, irú ti ilé wa ni, èyí tó rí róbótó tí ara rẹ̀ ń dán, nítorí àwọn ni wọ́n di hóró rẹ̀ sí etí aṣọ bọ̀ láti ilé. Ṣùgbọ́n mo rántí, tàbí mo rò pé mo rántí, pé mo ra irú kan báyìí ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà tí mo pinnu láti dín ara kù díẹ̀: èyí tó ní ọrùn gígùn, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí amọ̀, tí wọ́n ń tò sínú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn tó rí bíi kúkúńbà tí kì í sì í ṣe kúkúńbà. Ìgbà tí mo gé e, ojú fèrèsé ni mo da hóró inú rẹ̀ gbà. Ara mi kò dín kù. Bóyá elégédé ló wá gba ara tí mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ìkórè gan-an ni gáàsì fẹ́ tán. Iná rẹlẹ̀ lábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo lọ sẹ́yìn, mo ṣí ilẹ̀kùn àgò láti gbé sílíńdà, ojú elégédé ni mo bá pàdé. Ó ti kún gbogbo iwájú àgò. Ó fẹ̀yìn ti sílíńdà, ó fi ikùn ti irin, ó sì tóbi ju ẹnu ilẹ̀kùn lọ níhà gbogbo. Sílíńdà kò lè jáde nítorí elégédé. Elégédé kò lè jáde nítorí irin.

"Kí ló dé tó o dákẹ́?" Màmá mi ń béèrè láti ojú fèrèsé.

"Mo ń wò ó ni, Màmá."

"Mi sílíńdà yẹn wò. Bóyá ó ṣì kù."

Gbogbo wa là ń mi sílíńdà láti gbọ́ ohun tó kù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ṣeé mì. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo dà á sára sílíńdà láàrin irin, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Òkè rẹ̀ gbóná díẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá tutù.

"Ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀," mo ní. "Omi rẹ̀ ò pọ̀ mọ́."

"Omi kẹ̀? Omi ni wọ́n tà fún wa?"

"Rárá, Màmá. Gáàsì náà ni. Wọ́n ti fún un pọ̀ títí tó fi di omi. Bó bá ti di omi tán, kò tún ṣeé fún pọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í rọ ọ́ kún dé ẹnu, kó lè ní àyè tí oòrùn bá mú un wú."

"Tó jẹ́ pé ilé gáàsì odindi ni wọ́n fún pọ̀ sínú agolo, kí ló wá dé tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ò lè fún elégédé kan pọ̀ kó jáde?"

Mo lọ tan sítóòfù kẹrosíìnì, ẹ̀wà ọjọ́ náà sì gbọ́ òórùn rẹ̀ dé inú hóró.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, tí ìkórè ku ọ̀la, gbogbo wa pé sí ẹ̀yìn ilé: èmi, Àlàájà, Láńlọ́ọ̀dù, àti màmá mi lójú fèrèsé. Ó ti gbó, nítorí náà a lè nàka sí i. Gbogbo wa nàka sí i títí ó fi sú wa.

"Ẹ fi ọṣẹ pa á lára," Àlàájà ní, "ká rọra tẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ ìyàwó ṣe ń wọ bàǹgù nìyẹn."

"Ẹ gé e síbẹ̀ jẹ́jẹ́," Láńlọ́ọ̀dù ní. "Ọlọ́run ò ní kọ elégédé wẹ́wẹ́."

Mo rí i tí màmá mi gbé ọwọ́ lé orúnkún.

"Ẹ jẹ́ ká gé irin ni, sà," mo ní.

"Irin èwo? Irin èmi? Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan kéèjì mi o. Ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ ò tíì pé ọdún."

"Ẹ jẹ́ á pe wẹ́dà," Àlàájà ní.

Èmi àti Láńlọ́ọ̀dù jọ kígbe pa pọ̀. Wẹ́dà pẹ̀lú iná tó ń ta pàrà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀! A ní láti gbé sílíńdà kúrò kí wẹ́dà tó dé. A ní láti gbé elégédé kúrò kí a tó gbé sílíńdà. Wẹ́dà ni yóò sì gbé elégédé kúrò. Mo fi ẹnu tọ ọ̀rọ̀ náà yípo lẹ́ẹ̀mejì, ibi kan náà ni mo ń padà sí.

Nítorí ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti títẹ̀ tí Àlàájà sọ ni mo ṣe mú síríńjì ńlá jáde, èyí tí kò ní abẹ́rẹ́, tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Mo fa afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, mo sì tẹ ìdí rẹ̀. Ó wọlé dé ìdajì. Mo tú ọwọ́, ó padà.

"Afẹ́fẹ́ nìyẹn," mo ní. "Àyè pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé tẹ̀."

"Bíi kẹ̀kẹ́ Ìkòtún," Àlàájà ní. "Ó lè kún bó ṣe fẹ́ kún, 'ẹ sún díẹ̀ sí i' ò lè tán níbẹ̀."

Mo fa omi sínú rẹ̀, mo dí ẹnu rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Kò mira. "Omi nìyí. Kò ṣeé tẹ̀ rárá." Bí mo ti sọ ọ́ tán ni ọkàn mi dá mi lẹ́bi, nítorí pé omi náà ń fún pọ̀ díẹ̀, díẹ̀ tí ojú kò lè rí, mo fẹ́ ṣàtúnṣe, ṣùgbọ́n Láńlọ́ọ̀dù ti gba síríńjì lọ́wọ́ mi.

"Ẹ gbé e wá jàre. Ọwọ́ obìnrin lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́."

Ó di eyín pọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Omi náà kò fún pọ̀. Ó wá ojú ọ̀nà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì fò jáde ṣàà! Mo rántí pé ojú òun fúnra rẹ̀ ló bá. Àlàájà ní ojú tèmi ni. Màmá mi, tí wọ́n wà lójú fèrèsé tí wọ́n sì rí ohun gbogbo, ní ewúrẹ́ ni. Ohun tí a jọ fẹnu kò lé lórí ni pé ẹnìkan tutù.

"Omi ló pọ̀ jù nínú ara elégédé," mo ní nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀. "Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò là kó tó kéré."

"Inú rẹ̀ ńkọ́?" Láńlọ́ọ̀dù béèrè. "Ṣebí ihò ni inú elégédé? Afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ tẹ ìyẹn."

Ìbéèrè gidi ni, ó sì dà mí láàmú. Mo ní lóòótọ́ afẹ́fẹ́ wà láàrin, ṣùgbọ́n ara olómi ló yí i ká, a ó ti fọ́ ara náà kí a tó dé ọ̀dọ̀ afẹ́fẹ́. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Títí di òní, n kò tíì dán an wò.

Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí ẹnìkan lójú fèrèsé mọ́. Màmá mi ló ń yọ ní igun ilé. Wọn kò mú ọ̀pá. Wọn kò di ògiri mú. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mira, bí ìgbà tí a ṣì ń bẹ̀rù láti nàka. Wọ́n rìn títí dé ibi àgò, wọ́n fi ọwọ́ gbá ẹ̀wọ̀n tó so ó mọ́ òpó.

"Láńlọ́ọ̀dù, ẹ̀wọ̀n yìí ní kọ́kọ́rọ́, àbí?"

"Ó ní i, Mà."

"Ó dáa. Mi ò jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n ó yọ elégédé látinú nǹkan kan. Mo ní n ó gbé e wá síwájú pẹpẹ ni. Bó ṣe wà yìí ni n ó ṣe gbé e. Àgò, sílíńdà, elégédé. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì á bá mi gbé e lọ́la."

Mo la ẹnu láti sọ pé sílíńdà kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àlàájà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kéèjì mi?" Láńlọ́ọ̀dù ní. "Sí ìkórè?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa ń lu gbàǹjo ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni? Ẹ mọ̀ pé ohun tó bá ti délẹ̀ síwájú pẹpẹ, ó ti di ti Ọlọ́run. Ẹ máa rọra tà á, kí ó lè lówó lórí."

Ọkùnrin náà wo àgò rẹ̀. Mo rò pé ó ń rí ara rẹ̀ lójú agbo, tó gbé agogo lọ́wọ́, tó ń polówó irin tirẹ̀ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gun òkè lọ, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ayùn irin. Mo ti ẹnu sílíńdà pa, mo tú rọ́bà rẹ̀, mo fi àpò tútù bo gbogbo rẹ̀, mo sì ń da omi sí ojú ayùn bó ti ń gé e lọ. Ó gé irin méjì. Ó ń kérora sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀.

Nígbà tí a gbé e jáde tòun ti ọrùn, a rí i pé irin ti ya ìlà sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ ò rí i!" Àlàájà kígbe. "Ìlà rèé! Mo ní ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni."

"Ìlà irin ni, Àlàájà," màmá mi ní. "Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí sílíńdà, ó ń dán, ó rí róbótó."

Apá kan rẹ̀ ti gba àárín irin méjì yọ síta, ó gùn díẹ̀, ó sì jọ ọrùn. Mo rí i dáadáa.

Ní ọjọ́ Àìkú, a gbé e sáàrin èmi àti màmá mi nínú kẹ̀kẹ́, awakọ̀ sì ní kí a sún kí ẹnì kẹta lè wọlé. Màmá mi ní ẹnì kẹta ti wọlé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi dúró lápá ọ̀tún wọn, alàgbà kan dúró lápá òsì, a na ọwọ́ sílẹ̀ láìfi kàn wọ́n, wọ́n sì gbé e dé iwájú pẹpẹ lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Àwọn elégédé mìíràn wà níbẹ̀: àwọn róbótó, àwọn tó tẹ́, àti ọlọ́rùn gígùn kan tí ìyàwó olùṣọ́-àgùntàn fi ríbọ́ọ̀nù so. Kò sí èyí tó jọ tiwa láàrin wọn.

"Ẹ wo elégédé yìí dáadáa," Láńlọ́ọ̀dù pariwo lójú gbàǹjo, agogo lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọgbà mi ló ti ṣẹ̀wọ̀n! Kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni!"

Òun fúnra rẹ̀ ló rà á. Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé ìlàjì wá fún wa nínú abọ́ oníke tí Àlàájà tà fún un, ara rẹ̀ nípọn, ó sì pọ́n bí epo tuntun. Mo sè é lórí gáàsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ. Màmá mi jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Àlàájà ti kó lọ sí ilé tirẹ̀ ní Ìgándó báyìí. Nígbà tí mo lọ kí i níbẹ̀, mo bi í léèrè ohun tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ yìí: ṣé orí ilẹ̀ ni elégédé yẹn wà ní àkọ́kọ́, àbí inú àgò?

"Ilẹ̀ ló wà, Àǹtí Tíṣà," ó ní. "Ewúrẹ́ Láńlọ́ọ̀dù ti jẹ òdòdó méjì lórí ìtàkùn kan náà, ó ń bọ̀ wá sórí ọmọ. Ìyá yín sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́, mo gbọ́ ọ láti yàrá mi. Ṣé kí n wá jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ̀jẹ́ ni?"

"Kí lẹ ṣe?"

Ó dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ ní ìkúùkù, ó sì fi hàn mí bó ṣe tì í: díẹ̀díẹ̀, láìna ìka kan. Ó ní kò ju ọsàn lọ nígbà náà, ó sì gba àárín irin méjì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, láìfi ọṣẹ pa á lára.